Kí ẹ tó fẹsẹ̀ lásán tẹ òkúta nítorí ìrora ìdí

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ níbí ní ìlú Ṣábẹ̀ẹ́, lórílẹ̀-èdè Benin, wọlé tọ̀ mí wá, wọ́n ń fọwọ́ di ògiri mú. “Dókítà, láti ìdí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, a máa ta mí bí iná dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀.” Kiné ni mí, ẹni tó ń fi ọwọ́ àti eré ìmárale tọ́jú ìrora ara, n kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn. Aládùúgbò kan ti ní kí wọ́n máa fẹsẹ̀ lásán rìn lórí yangí. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ti bó.

Ìmọ̀ràn yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Iṣan tí àwọn dókítà wa ń pè ní sciatique ló tóbi jù nínú gbogbo iṣan ìmọ̀lára. Níbi ìdí, ó nípọn tó ìka ọwọ́. Láti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló ti jáde, ó gba abẹ́ ẹran ìdí àti ẹ̀yìn itan lọ sí ẹsẹ̀. Ohun tó sábà ń ni ín lára ni tìmùtìmù àárín egungun ẹ̀yìn tó yọ síta, tó tẹ gbòǹgbò rẹ̀. Kò sí òkúta tí ẹ máa tẹ̀ tó lè tì í padà sáyè. Ìrìn fúnra rẹ̀ ló ń ṣe oore jù, nítorí ìdùbúlẹ̀ ọjọ́ pípẹ́ ń mú kí ara gan. Òkúta náà ń jẹ́ ká rìn jẹ́jẹ́, ìmọ̀lára àtẹ́lẹsẹ̀ sì lè bo ìrora mọ́lẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ilẹ̀kùn, tó yára fọwọ́ pa á.

Mo ní kí ìyá náà dijú. Mo fi òwú kan àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún. “Ó kàn mí.” Mo fi kan ti òsì, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Wọ́n dákẹ́. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ṣì ń retí kí n bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí nítorí yangí yẹn. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè gba ọgbẹ́ láìmọ̀, àgàgà bí onítọ̀hún bá ní àtọ̀gbẹ. Ẹ dán tiyín wò nílé, kí ẹlòmíì bá yín mú òwú náà.

Bí ẹsẹ̀ yín bá mọ̀ ọ́n lára dáadáa, yanrìn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ odò tí omi ti fọ̀ títí tó fi dán, ẹ dà á sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ di ògiri mú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 láàárọ̀. Òkúta tí wọ́n fọ́ fún ilé kíkọ́ mú jù. Ẹ máa ṣọ́ ibi tí ìrora ń gbà. Bó bá ń kúrò ní ìka, tó ń gòkè padà sí ìdí, ó dára, kódà bí ẹ̀yìn bá ń ro yín díẹ̀. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí i, ẹ dúró.

Bí àárín itan méjèèjì bá kú tipiri, bí ìtọ̀ bá há tàbí tó ń dà láìròtẹ́lẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá ń wọ́ nílẹ̀, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an, kó má di ọjọ́ kejì.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ń fi bàtà tó di ẹsẹ̀ mú rìn yí agbo ilé wọn ká láràárọ̀. Ìrora ti kúrò ní àtàǹpàkò, ó wà ní itan báyìí. Òwú ni mo ṣì fi ń dán wọn wò.