Owó Kòrónà Tí Àgbẹ̀ Gbà: Ta Ló Ní Ẹ̀bùn Ni?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ wa, láti Òkè-Ògùn dé Ìbàràpá: pé owó tí ìjọba yá wọn nígbà Kòrónà, ìrànwọ́ lásán ni, kò sẹ́ni tó máa dá a padà. “Owó Buhari ni, Buhari sì ti lọ.” Etí mi ti kún.

Pé gbèsè ni, ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ti sọ bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 2020 ni CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ya bílíọ̀nù 50 náírà sọ́tọ̀, tí wọ́n ní kí NIRSAL Microfinance Bank yá ìdílé àti oníṣòwò kéékèèké, àgbẹ̀ sì wà lára wọn. Ìdílé lè yá tó mílíọ̀nù 3. Èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100 lọ́dún, pẹ̀lú àdéhùn pé yóò gòkè sí 9 tó bá yá. Ta ló ń gba èlé lórí ẹ̀bùn?

Àmọ́ ohun tó da ọ̀rọ̀ yìí rú wà. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba yìí kan náà fún àwọn èèyàn lówó ọ̀fẹ́ lóòótọ́. Àwọn tálákà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìjọba gba 20,000 náírà, ti oṣù mẹ́rin pa pọ̀. Nínú Survival Fund, ètò ìrànwọ́ ìjọba nígbà Kòrónà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ gba 30,000 lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ò ní sísan. Fóònù kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń bá èèyàn, alẹ́ẹ̀tì kì í sì í sọ pé gbèsè lòun.

Èyí tí mi ò lè gbé mì ni ti ẹni tó ń sọ pé, “Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí mi? Mi ò lo àkáǹtì yẹn mọ́.” Ó dà bíi pé ẹni náà ò gbọ́ nípa GSI (Global Standing Instruction) rí, ètò tí CBN bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2020, tí báńkì tó yáni lówó fi lè yọ gbèsè rẹ̀ nínú àkáǹtì ẹni ní báńkì mìíràn. Ẹ jẹ́ ká ní àgbẹ̀ kan ní Ìsẹ́yìn, tí kò san gbèsè yìí, ta àgbàdo, oníbàárà sì fowó ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì mìíràn tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀yáwó náà. BVN kan, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ ní báńkì, ló so gbogbo àkáǹtì rẹ̀ pọ̀. Kó tó dé ìdí ATM, owó ti lọ. Bí kò bá tó, wọ́n á tún padà wá mú èyí tó kù. Àkáǹtì dọ́là pàápàá ò yọ. Wọn ò dúró de kóòtù, wọn ò pe ọlọ́pàá, torí òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tó ń yáwó. Ó ní òun á ṣí àkáǹtì tuntun. BVN ta ni yóò fi ṣí i?

Mo tún ń gbọ́ pé ààrẹ tó gbapò Buhari á pa gbèsè náà rẹ́. Ẹni tó ń sọ ọ́ ń dúró de ìyẹn. Báńkì ò bá a dúró.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tí wọ́n yọwó rẹ̀ ló jẹbi. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíì ti san tán kí àkọsílẹ̀ má bá a mu. Ẹ má sì da èyí pọ̀ mọ́ Anchor Borrowers, ètò ẹ̀yáwó CBN mìíràn, tí wọ́n fi ajílẹ̀ àti irúgbìn yá àgbẹ̀, tó lè fi irè oko san án: gbèsè nìyẹn náà, àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí àwọn èèyàn kì í sábà sọ ni pé owó tí a yá àti èlé rẹ̀ nìkan ni GSI láṣẹ láti mú. Kò sí owó ìtanràn níbẹ̀. Bí wọ́n bá mú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín, kí ẹ ṣírò ó.

Àwọn oníjìbìtì náà ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń dun èèyàn. Líǹkì tó ní “ìjọba ti fagi lé gbèsè Kòrónà, tẹ ibí,” tó wá ń béèrè PIN tàbí OTP, ẹ fi sílẹ̀. Báńkì gangan ni kí ẹ lọ, pẹ̀lú ìwé ẹ̀yáwó yín lọ́wọ́.