Akópa àti atọ́kùn nínú eré ìtàn orí tábìlì

Eré ìtàn orí tábìlì ni eré tí àwọn ènìyàn díẹ̀ ń jókòó ṣe, tí wọ́n ń fi ẹnu hun ìtàn kan, tí òfin inú ìwé àti dáìsì sì ń sọ èyí tó yọrí àti èyí tó forí ṣánpọ́n. Akópa ń dúró fún ẹ̀dá ìtàn kan ṣoṣo. Gbogbo ohun yòókù, láti orí ọ̀tá dé orí òjò, ọwọ́ atọ́kùn ló wà.

Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ tà. Arneson fúnra rẹ̀ ti ṣe akópa lábẹ́ David Wesely kó tó di atọ́kùn.

Ẹni tó gbọ́ àlọ́ dàgbà ní Kàbà tàbí Ìsánlú mọ̀ pé àpàlọ́ ló ni Ìjàpá: àwọn tó ń gbè é lè gbe orin, wọn kò lè ní kó má jí iṣu. Nínú eré yìí, wọ́n lè ní bẹ́ẹ̀. Ká ní àwọn ará Kàbà kan ń ṣe eré nípa ogun Núpe ti ọ̀rúndún 19, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará Okun sá gun orí òkè. Atọ́kùn ní ilẹ̀ ti ṣú, pátákò ẹṣin sì ń dún ní ìsàlẹ̀. Akópa tó jẹ́ ọdẹ ní òun fẹ́ rápálá sọ̀kalẹ̀ lọ ka àwọn ẹlẹ́ṣin náà. Atọ́kùn ti mọ iye wọn, kò sọ. Ó kàn ní kó ju dáìsì, kí àpapọ̀ rẹ̀ dé 15 kó tó yọrí. Dáìsì olójú ogún mú 9, ọgbọ́n ọdẹ fi 4 kún un, ó di 13. Òkúta yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ọdẹ, ẹṣin kan yán. Akópa ló yàn láti sọ̀kalẹ̀, dáìsì ló kọ̀ fún un, atọ́kùn ló mú òkúta wá.

Atọ́kùn kì í ṣe alátakò bíi ti ọ̀tayò, nítorí kò sí ohun tí yóò jẹ: bó bá wù ú kí gbogbo wọn kú, kó ṣáà ní òkè ya lulẹ̀ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ló wúwo jù, torí òun ló ń ka òfin, tó ń múra sílẹ̀, tó sì ń ṣe ògbufọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ fi èdè Owé tàbí Ìyàgbà ṣe eré tí ìwé rẹ̀ wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí akópa kan kò bá wá, eré lè máa lọ. Bí atọ́kùn kò bá wá, kálukú a gbalé lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ atọ́kùn tuntun ni kó ti kọ òpin ìtàn sílẹ̀ látilé, kó wá máa wọ́ àwọn akópa lọ síbẹ̀ tipátipá.

Kì í ṣe gbogbo eré ló pín ipò báyìí. Fiasco, tó jáde ní 2009, kò ní atọ́kùn. Apocalypse World ti 2010 ní tirẹ̀, àmọ́ kì í ju dáìsì. Àwọn akópa nìkan ló ń jù ú.