Ìbáramu Ìwọ̀n: Ohun Tí Ó Ń Mú Àwòrán Jọ Ẹni Tí A Yà

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń fi pẹ́ńsùlù ya ojú ènìyàn sábà máa ń rò pé inú ẹyinjú, imú àti ètè ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Yóò jókòó ti ẹyinjú kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí, yóò fa irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò fi ìmọ́lẹ̀ funfun kékeré sílẹ̀ nínú dúdú rẹ̀, títí ẹyinjú náà yóò fi dà bí èyí tí ó fẹ́ ṣẹ́jú. Síbẹ̀, nígbà tí ó bá ya àwọn ẹ̀yà yòókù tán, ẹni tí ó wà lórí bébà kì í ṣe ẹni tí ó wà nínú fọ́tò. Ó lè jọ ìbátan rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni tí a kò rí rí. Ohun tí ó sọnù níbẹ̀ ni àwọn ayàwòrán tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní proportion. Ìbáramu ìwọ̀n ni a ó máa pè é níhìn-ín.

Ìbáramu ìwọ̀n yàtọ̀ sí ìwọ̀n lásán. Tí a bá sọ pé imú gùn ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ìwọ̀n nìyẹn, kò sì ran ayàwòrán lọ́wọ́, nítorí ojú tí ó ń yà lè kéré bí àtẹ́lẹwọ́ tàbí kí ó kún ògiri. Ṣùgbọ́n tí a bá sọ pé ìbú imú níbi ihò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú àyè tí ó wà láàárín ẹyinjú méjèèjì, ọ̀rọ̀ náà wúlò lórí bébà kékeré àti lórí ògiri bákan náà. Bí ẹ̀yà kan ṣe tóbi tó tí a bá fi wé ẹ̀yà mìíràn, àti bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó, ni à ń pè ní ìbáramu ìwọ̀n. Nítorí pé èdè wa ń pe ohun tí a fi ń ríran àti ibi tí imú àti ẹnu wà ní ojú bákan náà, ẹyinjú ni mo ń lò fún ti àkọ́kọ́ kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀.

Ibi tí a ti máa ń kọ́kọ́ ṣìnà ni ipò ẹyinjú. Tí àgbàlagbà bá kọjú sí wa gan-an, tí a sì wọn orí rẹ̀ láti àtàrí dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, agbedeméjì ni ìlà ẹyinjú yóò bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbà á gbọ́ títí wọn yóò fi fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ẹyinjú, imú àti ẹnu ni a máa ń wò nígbà tí a bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, iwájú orí àti irun kì í gba àfiyèsí wa, nítorí náà ọkàn wa a máa fún àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí ní àyè ju èyí tí wọ́n gbà lára orí lọ. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gbé ẹyinjú lọ sókè jù, tí agbárí yóò sì dà bí ohun tí a fi ọ̀bẹ gé lókè. Ti ọmọdé yàtọ̀ díẹ̀: agbárí ọmọ ìkókó tóbi gan-an ju ojú rẹ̀ lọ, ẹyinjú rẹ̀ sì máa ń wà nísàlẹ̀ agbedeméjì. Bí a bá gbé e sí agbedeméjì, ọmọ náà yóò ti dàgbà lórí bébà.

Àwọn ìwọ̀n mìíràn tún wà. Fífẹ̀ orí níbi ìlà ẹyinjú gba nǹkan bí ẹyinjú márùn-ún, àyè àárín ẹyinjú méjèèjì sì gba ẹyọ kan. Láti ibi tí irun orí ti bẹ̀rẹ̀ dé irun òkè ẹyinjú, láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀ imú, àti láti ìsàlẹ̀ imú dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Vitruvius, akọ́lé ará Róòmù, ti kọ ọ̀rọ̀ ìdá mẹ́ta yìí sílẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn. Albrecht Dürer, ayàwòrán ará Jámánì, kọ ìwé mẹ́rin lórí ìwọ̀n ara ènìyàn, a sì tẹ̀ wọ́n jáde ní 1528, ọdún tí ó kú. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ Dürer ni pé kò fi ẹyọ ìwọ̀n kan ṣe òfin: ó ya ara tẹ́ẹ́rẹ́, ó ya ara sísanra, ó sì fi hàn bí ojú kan ṣe ń di ojú ẹlòmíràn nígbà tí a bá sún ìlà díẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí, nítorí kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ bá àwọn ìwọ̀n gbogbogbòò wọ̀nyí mu pátápátá. À ń kọ́ wọn kí a lè mọ ibi tí ẹni tí a ń yà ti yàtọ̀ sí wọn, ibi ìyàtọ̀ yẹn ni ìrísí rẹ̀ sì wà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, mo ya ìyá mi àgbà láti inú fọ́tò kan. Gbogbo ẹni tí mo fi hàn ni ó sọ pé ó dára, kò sì sí ẹni tí ó dá wọn mọ̀. Nígbà tí mo wá fi rúlà wọn fọ́tò náà, mo rí i pé àyè tí ó wà láàárín imú àti ètè òkè wọn gùn ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú ẹyinjú kan, ṣùgbọ́n nínú àwòrán tèmi kò ju ìdajì rẹ̀ lọ. Mo pa ẹnu náà rẹ́, bí ó tilẹ̀ dùn mí, nítorí odindi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo ti lò lórí rẹ̀, mo sì tún un yà ní mílímítà mẹ́rin sísàlẹ̀. Ètè kejì yìí kò dára tó ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi àgbà ni wọ́n ń wò mí láti orí bébà.

Tí ẹni tí a ń yà bá jókòó níwájú wa, a ó na apá gbọọrọ, a ó di ẹyinjú kan, a ó sì gbé pẹ́ńsùlù sókè kí ṣóńṣó rẹ̀ bọ́ sí igun kan ẹyinjú ẹni náà, kí a wá fi èékánná àtàǹpàkò sàmì sí ibi tí igun kejì bọ́ sí. Ìwọ̀n kékeré yìí ni òṣùwọ̀n wa. A ó fi ka iye ẹyinjú tí ó wà láti igun ẹyinjú dé etí, láti imú dé àgbọ̀n. Ìgúnpá kò gbọdọ̀ ká, nítorí bí apá bá súnmọ́ wa díẹ̀ báyìí, òṣùwọ̀n ti yí padà. A tún lè gbé pẹ́ńsùlù dúró ṣánṣán ní igun ẹnu, kí a wo ibi tí ó kàn lára ẹyinjú lókè. Ti fọ́tò rọrùn jù, nítorí a lè fi rúlà fa ìlà olójú-igun mẹ́rin lé e lórí, kí a fa irú rẹ̀ sórí bébà. Mo rò pé ó dára fún ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fi í ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ní kọ́ láti fi ojú ara rẹ̀ wọn nǹkan.

Ọ̀nà mìíràn ni kí a dorí fọ́tò kodò kí a tó yà á. Ní 1980, Peter Thompson ti Yunifásítì York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú fọ́tò Margaret Thatcher, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ó gé ẹyinjú àti ẹnu rẹ̀, ó yí wọn dorí kodò, ó sì lẹ̀ wọ́n padà sí àyè wọn. Bí a bá dorí fọ́tò náà kodò, a kì í tètè rí àléébù rẹ̀. Bí a bá gbé e dúró, ó ń dẹ́rù bani. Ojú tí ó dorí kodò kì í jẹ́ ojú mọ́ lọ́kàn wa, nítorí náà ọkàn kò ní lè ti ọwọ́ sí ya ẹnu tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlà àti àyè nìkan ni yóò kù láti wọ̀n. Lẹ́yìn tí a bá yà á tán, kí a gbé e síwájú dígí. Leonardo da Vinci, ayàwòrán ará Ítálì, ti gba àwọn ayàwòrán nímọ̀ràn yìí tipẹ́, nítorí àṣìṣe tí ojú ti mọ́ lára yóò hàn kedere nígbà tí ọ̀tún bá di òsì.

Òjìji náà ní ìbáramu tirẹ̀, nítorí dúdú kan kò dúdú àfi tí a bá fi wé èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òjìji kò lè tún ẹnu tí kò sí ní àyè rẹ̀ ṣe. Nítorí náà, pẹ́ńsùlù líle bíi 2H, tàbí HB tí a fi ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ mú, ni kí a fi sàmì àtàrí, àgbọ̀n, ìlà ẹyinjú, imú àti ẹnu, kí a sì wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni 2B àti 4B, àwọn pẹ́ńsùlù tí ó rọ̀ tí ó sì dúdú jù, yóò gbé òjìji wá. Irun ìpéǹpéjú, tí ọwọ́ ń yán láti kọ́kọ́ yà, ni yóò gbẹ̀yìn.