Eyín ọmọ javelina

Láti ìgbà ìbí títí tó fi ń súnmọ́ ọdún méjì ni eyín javelina (Pecari tajacu), ẹranko igbó kan tó jọ ẹlẹ́dẹ̀, ń hù, tí ti ọmọdé ń yọ, tí ti àgbà sì ń gba ipò rẹ̀. Nínú egungun àgbọ̀n ẹran tí ọdẹ pa ni wọ́n ti sábà ń yẹ̀ ẹ́ wò. Arizona, New Mexico àti Texas ni ibùgbé ẹranko yìí ní Amẹ́ríkà. Ó tún wà ní Mẹ́síkò títí dé àríwá Argẹntínà. Bó tilẹ̀ jọ ẹlẹ́dẹ̀, ìdílé Tayassuidae ló wà, ẹlẹ́dẹ̀ àti ìmàdò sì wà nínú Suidae.

Iye eyín

Eyín àgbà jẹ́ 38: 18 lókè, 20 nísàlẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu kọ̀ọ̀kan, eyín iwájú jẹ́ 2 lókè, 3 nísàlẹ̀. Lókè àti nísàlẹ̀ bákan náà, ọ̀gàn 1, eyín àárín 3 àti eyín ẹ̀yìn 3 ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni eyín ẹ̀yìn ń hù, nítorí náà eyín ọmọdé kò ju 26 lọ. Ọ̀gàn ìmàdò máa ń ká sókè. Ti javelina gún gbọọrọ, ti òkè dorí kodò. Bí ẹranko náà bá ti ń la ẹnu tó ń pa á dé, ọ̀gàn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń pọ́n ara wọn.

Ọjọ́ orí lára àgbọ̀n

Ní 1962, àwọn olùwádìí méjì, R. D. Kirkpatrick àti Lyle K. Sowls, gbé ìlànà kan jáde fún mímọ ọjọ́ orí javelina nípa bí eyín ṣe ń rọ́pò eyín. Eyín ẹ̀yìn kìíní ló ń kọ́kọ́ yọrí, ní nǹkan bí ìdajì ọdún. Èkejì ń tẹ̀ lé e ní nǹkan bí ọdún kan. Ẹ̀kẹta ló ń kẹ́yìn, nígbà tí ọdún kejì bá ti rìn jìnnà. Ẹni tó bá ṣèèṣì ka eyín àárín tó kẹ́yìn nísàlẹ̀ mọ́ eyín ẹ̀yìn yóò ṣìrò. Bó bá jẹ́ ti ọmọdé, ó gùn, ó sì pín sí mẹ́ta. Èyí tó ń rọ́pò rẹ̀ kúrú jù ú lọ. Eyín ẹ̀yìn kẹta náà lè ṣì sá pamọ́ sínú ihò egungun, nítorí náà ó dára kí a bó ẹran kúrò lára àgbọ̀n kí a tó kà á.

Ìdí tí a fi ń ṣe wàhálà yìí ni pé ara máa ń tètè tó ti àgbà, kí eyín tó pé. Àwọ̀ pupa ọmọ náà kì í sì í ju oṣù díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí eyín bá ti pé, bí eyín ṣe gbó tó ni wọ́n ń wò, èyí kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe é gbára lé, nítorí oúnjẹ àti iyanrìn ibi tí ẹranko náà ń gbé máa ń yí i padà.

Ọdẹ

Arizona ti ka javelina sí ẹran ọdẹ tó ní òfin láti 1929, Texas láti 1939. Ọjọ́ orí ẹran tí wọ́n pa ń fi hàn bóyá agbo ń bí ọmọ tó ń yè. Eyín kì í fi bẹ́ẹ̀ ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, nítorí àwọn méjèèjì ló ní ọ̀gàn.