Ohun tó gbé Snapple ṣubú

Àwọn oníbàárà tó ń wá sí ìsọ̀ mi ní Ọjà Ọba, nílùú Ìlọrin, a máa bi mí pé kí ló dé tí ẹlẹ́rìndòdò kan á gbòde kan tán, tí a ó sì wá a tì lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé adùn rẹ̀ ló yàtọ̀. Ní tèmi tí mò ń ta á ní páálí-páálí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé e kiri ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, ìtàn Snapple, ẹlẹ́rìndòdò kan láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sì fi ìdí rẹ̀ hàn.

Ọdún 1972 ni Leonard Marsh, Hyman Golden àti Arnold Greenberg bẹ̀rẹ̀ òwò náà ní New York. Omi èso ápù tó fún un lórúkọ kọ́kọ́ kó wọn sí wàhálà, torí pé ó kan nínú ìgò, ìdérí sì ń fò dànù. Ẹni tó bá ti dé ẹmu àná pinpin mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn alágbàtà kéékèèké ló sọ ọ́ di ọjà, tí wọ́n ń kó o lọ sí àwọn ìsọ̀ tí ẹni tó ń kọjá lọ ti lè ra ìgò kan tó tutù.

Ní 1994, Quaker Oats, ilé-iṣẹ́ oúnjẹ tó ni ohun mímu Gatorade, ra Snapple ní bílíọ̀nù 1.7 dọ́là. Gatorade a máa ti ilé ìkẹ́rùsí lọ tààrà sí àwọn ilé ìtajà ńlá, Quaker sì fẹ́ kí àwọn alágbàtà Snapple fi ilé ìtajà ńlá sílẹ̀ fún òun, kí wọ́n sì máa ta Gatorade fún àwọn ìsọ̀ kéékèèké dípò rẹ̀. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀, n kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí oníbàárà tí wọ́n fi òógùn wá ni wọ́n ní kí wọ́n gbé sílẹ̀. Quaker tún gbé ìgò ràgàjì jáde fún ohun tí èèyàn ń mu tán lórí ìdúró, ó sì yọ Wendy Kaufman, tó ń dáhùn lẹ́tà àwọn oníbàárà nínú ìpolówó, kúrò. Ní 1997, mílíọ̀nù 300 dọ́là ni wọ́n ta Snapple fún ilé-iṣẹ́ Triarc.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ìlọrin níbí: ẹ dé gáréèjì Maraba lọ́sàn-án. Obìnrin tó ń kiri kì í kó ju oríṣi mẹ́rin tàbí márùn-ún sínú abọ́, torí yìnyín tó rà láàárọ̀ kò lè mú ju bẹ́ẹ̀ tutù. Èyí tí èrè rẹ̀ bá ti dín ló ń kọ́kọ́ yọ, ohun tó bá sì kù nínú abọ́ ni èrò ọkọ̀ yóò rà.

Triarc pe Wendy padà, ó sì tún àárín òun àti àwọn alágbàtà ṣe. Ní 2000, ilé-iṣẹ́ Cadbury Schweppes ra Snapple ní iye tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là.