Nígbà tí Ìbòjú Kò Lè Fajúro

Ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń da fíìmù sórí mẹ́mọ̀rì káàdì fún èèyàn, ní Kàbbà o, ní Ìsánlú o, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán: "Fíìmù yìí ò dáa, wọn ò tẹ̀lé ìwé." Ẹni tó ń sọ ọ́ lè má tíì fojú kan ìwé náà rí. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń súni jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa àwọn akọni inú kọ́míìkì, ìyẹn ìwé ìtàn aláwòrán, nítorí pé ẹni tí kò jẹ̀bi ló ń dá lẹ́bi. Nínú ìwé, Wolverine kúrú, kò ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínǹṣì mẹ́ta lọ. Hugh Jackman tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ọdún 2000 ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, síbẹ̀ òun ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Wolverine. Nínú ìwé, Peter Parker, tí í ṣe Spider-Man, ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tó ń tu okùn aláǹtakùn. Nínú fíìmù Spider-Man ti 2002, láti inú ọrùn ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni okùn ti ń jáde. Àwọn olólùfẹ́ ìwé pariwo títí, fíìmù sì pa owó rẹpẹtẹ. Àìtẹ̀lé ìwé kọ́ ló ń ba fíìmù akọni jẹ́. Ojú ló ń bà á jẹ́.

Ti bí wọ́n ṣe ń ra ẹ̀tọ́ ìtàn, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, kò sí ohun ìyanu níbẹ̀. Ìwé kan tó ń jáde lóṣooṣù kì í ju ojú ìwé 20 sí 22 lọ. Wọ́n á kó ìtàn inú bíi mélòó kan pọ̀, wọ́n á gé, wọ́n á gán, yóò di eré wákàtí méjì. Iṣẹ́ télọ̀ nìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìgbà tí akọni tí wọ́n fi yíǹkì yà bá fẹ́ di ẹran ara tó ń làágùn.

Ẹ wo ìbòjú Spider-Man lórí ìwé. Ojú funfun méjì gbàràmù ni, kò sí ẹyinjú níbẹ̀, kò sí ẹnu, kò sí imú. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá bà á, ayàwòrán á fẹ ojú funfun náà sí i. Bí ó bá ń fura, yóò sún ọ̀kan kì, yóò fi ìkejì sílẹ̀. Bí inú bá ń bí i, igun rẹ̀ á yọ ṣóńṣó. Aṣọ ni, ó sì ń fajúro. Kò sí ọmọdé kan tó ń ka ìwé náà tó béèrè bí aṣọ ṣe ń fajúro, nítorí pé gègé kan náà ló ya aṣọ, tó ya ojú. Lẹ́yìn náà, ohun tó wà lọ́kàn akọni wà nínú róbótó kan lókè orí rẹ̀, a ń kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà. Àwọn tó gbé ìwé Atọ́ka jáde láyé ijọ́un, tí wọ́n ń fi fọ́tò àwọn òṣèré orí ìtàgé sọ ìtàn, kò ní irú gègé yẹn. Àwọn òṣèré wọn ní láti yọjú síta, kí wọ́n la ẹnu gbàgà, kí fọ́tò tí kò lè mira tó lè sọ̀rọ̀.

Kámẹ́rà wá dé. Aṣọ padà di aṣọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìbòjú rọ́bà nìyí. Wọ́n á da ohun kan tó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná lé orí òṣèré, wọ́n á fi báńdéèjì P.O.P. dì í, ihò imú nìkan ni wọ́n á fi sílẹ̀ fún un. Bó bá gan, wọ́n á tú u, wọ́n á da nǹkan líle sínú rẹ̀, orí òṣèré á jáde bí ère. Lórí ère yìí ni oníṣẹ́ ọnà á ti fi amọ̀ mọ ìbòjú, pẹ̀lú etí rẹ̀ àti gbogbo kọ̀rọ̀kọ́rọ́ rẹ̀. Wọ́n á ṣe mọ́ọ̀dù sí ara amọ̀ náà, wọ́n á kó amọ̀ kúrò, wọ́n á da rọ́bà olómi sí àyè tó ṣẹ́ kù, wọ́n á sì yan án. Ẹni tó bá ti rí i rí bí wọ́n ṣe ń mọ búlọ́ọ̀kù mọ ìdajì iṣẹ́ yẹn. Lóde òní kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń wọn orí òṣèré, ṣùgbọ́n ìlànà kò yí padà púpọ̀. Ẹyọ kan kì í sì í tó. Òógùn ń ba rọ́bà jẹ́ láti inú, ìjà ń fà á ya láti ìta, nítorí náà púpọ̀ ni wọ́n máa ń ṣe, ti òṣèré lọ́tọ̀, ti ẹni tó ń bá a fò láti orí òrùlé lọ́tọ̀.

Nínú Batman ti 1989, orí, ọrùn àti èjìká ìbòjú náà jẹ́ rọ́bà kan ṣoṣo. Michael Keaton kò lè yí ọrùn. Bó bá fẹ́ wo ẹni tó wà lápá òsì, gbogbo àyà rẹ̀ ló ní láti yí pẹ̀lú rẹ̀, bí ẹni tó ru ìkòkò omi. Ohun tó jẹ́ àléébù aṣọ wá di ìrìn àti ìdúró Batman: ó wúwo, kì í yára wòye, bó bá kọjú sí ẹ, ó ti kọjú sí ẹ nìyẹn. Ìgbà tó di The Dark Knight ní 2008 ni wọ́n ya orí kúrò lára ọrùn, kódà wọ́n fi í sínú ìtàn, akọni fúnra rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ aṣọ tí òun á fi lè yí orí.

Ti ojú tún wà níbẹ̀. Lórí ìwé, ojú Batman funfun báláú. Nínú fíìmù, ẹyinjú èèyàn ni wọ́n fi síbẹ̀, torí pé ojú funfun tí kò mira dà bí ti òkú. Ṣùgbọ́n ihò ojú rọ́bà kì í dọ́gba mọ́ awọ ara, àwọ̀ òṣèré á máa hàn láàárín. Nítorí náà wọ́n máa ń kun dúdú yí ojú òṣèré ká kí ihò àti awọ lè di ọ̀kan. Nínú Batman Returns ti 1992, akọni fa ìbòjú rẹ̀ ya lójú wa, ọ̀dà dúdú náà sì pòórá kí ìbòjú tó kúrò lójú rẹ̀. Ẹ padà lọ wò ó. Ó gba ọgbọ̀n ọdún kí The Batman ti 2022 tó jẹ́wọ́: ó ṣí ìbòjú, ọ̀dà náà ṣì wà lójú rẹ̀ rádaràda.

Ẹ̀gàn tó tóbi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà nínú Spider-Man ti 2002 tí a mẹ́nu bà lókè. Spider-Man àti Green Goblin wà lórí òrùlé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ pàtàkì. Ìbòjú ti àkọ́kọ́ jẹ́ aṣọ tí kò ní ẹnu. Ti ìkejì jẹ́ àṣíborí líle tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ tí kò pa dé. Willem Dafoe, tí ojú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára ojú tó ń sọ̀rọ̀ jù nínú sinimá, wà nínú ike. Ohùn ń jáde, orí ń mì, kò sí ohun mìíràn tó ń ṣẹlẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bọ́ kò pọ̀. Wọ́n lè bọ́ ìbòjú kúrò kí ojú lè yọ, èyí tí Spider-Man 2 ṣe nínú ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n lè mú kí ìbòjú máa mira: láti 2016, ojú Spider-Man nínú Captain America: Civil War ń ṣí, ó ń sún kì bí ojú kámẹ́rà, wọ́n sì ní ẹ̀rọ ni, kí ó lè mọ́gbọ́n wá. Lọ́dún yẹn kan náà, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi yí ojú ìbòjú Deadpool padà lẹ́yìn tí wọ́n ti ya fíìmù tán. Èyí tó gbọ́n jù ni ti Iron Man, 2008. Wọ́n fi kámẹ́rà sínú àṣíborí. Àṣíborí gidi kò ní àyè ìka kan láàárín irin àti imú, ṣùgbọ́n inú tí wọ́n fi hàn wá fẹ̀ bí yàrá, iná búlúù ń jó lójú Robert Downey Jr., ó ń fajúro, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí kámẹ́rà dúró sí. Àwọn tó ń ya àwòrán tó ń mira, ìyẹn kátúùnù, kò tilẹ̀ ní ìṣòro yìí. Nínú Spider-Man: Into the Spider-Verse ti 2018, gègé ló padà di ọ̀gá, ìbòjú ń fajúro bó ṣe wù ú.

Ti àwọ̀, kí a sọ ọ́ kí a kọjá. Pupa àti búlúù Superman wá láti inú ìwé 1938 tí wọ́n fi yíǹkì mẹ́rin péré tẹ̀ sórí pépà tí kò dáa. Bí pupa yẹn ṣe tẹ́jú lórí pépà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tẹ́jú lórí aṣọ tó ń fà, ó wá dà bí aṣọ orun. Aṣọ ìpò tí wọ́n máa ń hun ní Bùnú láyé ijọ́un pupa fòò, síbẹ̀ kò sí ẹni tó pè é ní aṣọ orun rí, torí pé òwú rẹ̀ nípọn, iná àti òjìji ń rí ibi dì mú lára rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn téèlọ̀ sinimá ṣe ń gbé ìlà sókè lára aṣọ akọni.

Bùnú tí a dárúkọ yìí ló sì gbé wa dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ní ilẹ̀ Òkun tí Bùnú wà, egúngún jáde pẹ̀lú aṣọ pupa lórí, kò sí ojú, kò sí ẹnu. Kò sí ẹni tó ní kí ó ṣí aṣọ kí a rí bóyá inú ń bí i. Àwọn ọmọdé ti sá kí ó tó sọ̀rọ̀. Kí ni wọ́n rí? Ẹsẹ̀ tó yára. Bí etí aṣọ ṣe fẹ́ lẹ́yìn tó ti yí padà tán. Pàṣán tó sọ̀ kalẹ̀ dípò tí ì bá fi wà lójú ọ̀run. Ohùn ọ̀fun tí kì í ṣe ti ará ayé. Ìlù tó yí padà ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n wo atọ́kùn, ẹni tó ń darí egúngún. Atọ́kùn ni kò bo ojú. Bí ó bá ń rẹ́rìn-ín, ijó ni. Bí ó bá ń fi ọwọ́ lé èèyàn sẹ́yìn tí ojú rẹ̀ le koko, kí oníkálùkù wá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú atọ́kùn ni ojú egúngún.

Ohun tó kù sí orí òrùlé Green Goblin nìyẹn: egúngún méjì pàdé lójú agbo, kò sí atọ́kùn.

Ẹ wá wo Dredd ti 2012. Nínú ìwé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1977, Judge Dredd kì í ṣí àṣíborí. Sylvester Stallone ṣí i ní 1995. Karl Urban kò ṣí i rárá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, àgbọ̀n àti ètè nìkan ló fi ṣiṣẹ́. Bí ó ṣe ṣeé ṣe ni pé wọ́n fi Anderson, ọmọ iṣẹ́ tuntun, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sì dé àṣíborí: ìtàn ní àṣíborí ń dí agbára rẹ̀ láti ka ọkàn èèyàn lọ́wọ́. Àwáwí dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà tí Dredd bá pa èèyàn, ojú Anderson la ń wò kí a tó mọ ohun tí ìpànìyàn náà wúwo tó. Owó tó wọlé fún fíìmù náà kò tó nǹkan, àwọn onílé iṣẹ́ sì lè rò pé àṣíborí ló fà á. Ojú gbajúmọ̀ ni wọ́n sanwó fún, wọn ò fẹ́ kí rọ́bà bò ó, ìdí nìyí tí ìbòjú fi sábà máa ń wà lójú nígbà ìjà, nígbà tí ẹlòmíràn ń fò dípò òṣèré, tí yóò sì kúrò nígbà tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀.

V for Vendetta, tó jáde ní 2006, kọ ìyẹn pátápátá. Ìbòjú kan ṣoṣo tó ń rẹ́rìn-ín, kò mira rí. Tí wọ́n bá gbé iná sísàlẹ̀, ẹ̀rín náà á di ìkà. Tí wọ́n bá gbé e sókè, tí orí sì tẹ̀ díẹ̀, á di ìbànújẹ́. Natalie Portman ni atọ́kùn. James Purefoy ló kọ́kọ́ wọ ìbòjú náà, ó ya fíìmù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, Hugo Weaving sì bọ́ sínú aṣọ. Wọn ò da gbogbo èyí tí Purefoy ti ṣe nù. Ara rẹ̀ ṣì wà nínú àwọn ìran kan títí dòní, ohùn Weaving ló ń jáde láti inú ìbòjú náà.