Eré punk àti hardcore nínú gbọ̀ngàn kékeré

Eré punk àti hardcore nínú gbọ̀ngàn kékeré ni eré ojúkojú tí àwọn ẹgbẹ́ olórin punk àti hardcore máa ń ṣe nínú ilé ọtí, yàrá abẹ́ ilé, gbọ̀ngàn àdúgbò tàbí ilé ìkẹ́rù tí èrò inú rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí 300 lọ. Inú orin rọ́ọ̀kì ni méjèèjì ti jáde: gìtá oníná, báàsì, ìlù, àti ohùn tó sún mọ́ igbe ju orin lọ. Punk gbérí ní New York àti London láàárín 1974 sí 1976. Hardcore jáde lára rẹ̀ ní California àti Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ. Ó yára jù ú, ó sì le jù ú lọ. Orin yìí kì í fẹ́ àlàfo láàárín ẹni tó ń kọ ọ́ àti ẹni tó ń gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí ilé kékeré fi bá a mu. Ará Ìkòròdú tó bá ti dúró ti onígángan lábẹ́ kánópì rí, tí ìlù náà ń dún nínú àyà rẹ̀ kó tó dún létí, á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ.

Ilé tóóró ní Bowery

Ní oṣù Kejìlá 1973, Hilly Kristal ṣí ilé ọtí kan sí nọ́ńbà 315 òpópónà Bowery ní Manhattan, ó sì pè é ní CBGB. Orúkọ orin country, bluegrass àti blues ló gé kúrú bẹ́ẹ̀, torí irú olórin tó fẹ́ máa gbà nìyẹn. Àwọn tó padà wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀dọ́ tí kò rí ibòmíràn ṣeré ni wọ́n, Kristal sì gbà wọ́n pẹ̀lú àdéhùn kan: orin tí wọ́n fúnra wọn dá ni kí wọ́n máa kọ, kì í ṣe orin olórin. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa CBGB, àdéhùn yìí ló ṣe pàtàkì jù, torí òun ló jẹ́ kí ẹni tí kò tíì mọ gìtá ta dáadáa rí ibi kọ́ ọ níwájú èrò.

Ilé náà rí tóóró, ó sì gùn wọnú bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé face-me-I-face-you. Ẹni tó bá wọlé á gba ẹ̀gbẹ́ káńtà ọtí kọjá kó tó dé ibi tí ìtàgé wà. Ẹgbẹ́ olórin Ramones kọ́kọ́ ṣeré níbẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ 1974. Kíá ni eré wọn máa ń parí. Àwo wọn àkọ́kọ́, tó jáde ní 1976, ní orin 14, gbogbo rẹ̀ kò sì tó ìṣẹ́jú 30. Láàárín àkókò yẹn, onífújì lè ṣì wà lórí oríkì ẹni tó pè é wá. Patti Smith àti àwọn ẹgbẹ́ Television, Blondie àti Talking Heads náà ti ibẹ̀ gbajúmọ̀. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 2006 ni eré ìkẹyìn wáyé níbẹ̀, Patti Smith ló sì kọ ọ́.

Ní London, abẹ́ ilé kan ní Oxford Street tí wọ́n ti ń gbọ́ orin jáàsì láti 1942 ni wọ́n lò. 100 Club ni orúkọ rẹ̀, ó sì gba àpéjọ punk alẹ́ méjì ní ọjọ́ 20 àti 21 oṣù Kẹsàn-án 1976, tí Sex Pistols, The Clash, The Damned àti Buzzcocks wà lára àwọn tó ṣeré. Ti Manchester kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan bí èèyàn 40 ló wo Sex Pistols ní gbọ̀ngàn Lesser Free Trade Hall ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún náà, àmọ́ lára àwọn èèyàn díẹ̀ yìí ni Bernard Sumner àti Peter Hook wà, àwọn tó padà dá Joy Division sílẹ̀.

Hardcore, àti àmì X lẹ́yìn ọwọ́

Ọmọ aláwọ̀ dúdú ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú Bad Brains, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó gbé hardcore kalẹ̀, ó sì yẹ kí òǹkàwé Yorùbá mọ èyí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé orin òyìnbó pọ́nbélé ni. Washington ni wọ́n ti wá. Orin jáàsì tí wọ́n pò mọ́ rọ́ọ̀kì ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, Mind Power sì ni wọ́n ń jẹ́ nígbà náà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ punk, wọ́n yí i padà sí ohun tó yára débi pé ọmọ kékeré kò lè fi àtẹ́wọ́ bá a lọ, wọ́n sì máa ń dá a dúró lójijì bọ́ sínú régè, nítorí Rásítá ni wọ́n. Àwọn ilé eré ìlú wọn kò gbà wọ́n mọ́ nígbà tó yá, ni wọ́n bá kó lọ sí New York, wọ́n sì di ará CBGB.

Ìlú Washington yìí kan náà ni àmì X ti di ńlá. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ọmọdé ra ọtí, ọ̀pọ̀ ilé eré sì jẹ́ ilé ọtí. Bí ọmọ ọdún 16 ṣe máa wọlé wá di wàhálà. Nígbà tí ẹgbẹ́ Teen Idles rìnrìn àjò lọ sí California ní 1980, ilé eré Mabuhay Gardens ní San Francisco fi gègé dúdú kọ X ńlá sí ẹ̀yìn ọwọ́ wọn, kí ẹni tó ń ta ọtí lè dá wọn mọ̀. Wọ́n gbé ìlànà yìí bọ̀ wálé. Láàárín ọdún mélòó kan, X ti kúrò ní àmì ọmọdé, ó ti di àmì ẹni tó fúnra rẹ̀ pinnu pé òun kò ní mutí, òun kò ní mu sìgá tàbí oògùn olóró. Ian MacKaye, tó wà nínú Teen Idles, ló wá di akọrin ẹgbẹ́ Minor Threat. Òun àti Jeff Nelson ló ṣe ilé iṣẹ́ àwo Dischord, tí wọ́n fi ń gbé orin ìlú wọn jáde láì dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí MacKaye wà nínú Fugazi, láti 1987, nǹkan bí dọ́là 5 ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì máa ń rí i pé ọmọdé àti àgbà lè wọlé.

Ibi tí ìlànà yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lọ ni ilé ìkẹ́rù kan ní nọ́ńbà 924 òpópónà Gilman, ní Berkeley, California, tó di ilé eré ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1986. Kò sí ọ̀gá tó jókòó sídìí owó níbẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń ṣèpàdé, tí wọ́n ń dìbò, tí wọ́n ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n sì ń gbálẹ̀ nígbà tí eré bá parí. Òfin rẹ̀ wà lára ògiri: kò sí ọtí, kò sí oògùn olóró, kò sí ìjà, kò sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fojú tín-ínrín obìnrin, tàbí ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin. Ẹgbẹ́ Operation Ivy àti Green Day dàgbà síbẹ̀. Nígbà tí Green Day bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ àwo ńlá, ilé náà kò gbà wọ́n láti ṣeré mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òfin náà le, àmọ́ òun ló jẹ́ kí àyè wà fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Bí eré ṣe ń lọ

Eré kì í ní alága ìdúró. Onílù á fi igi ìlù méjèèjì kan ara wọn lẹ́ẹ̀mẹrin, gbogbo ohùn á sì já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iwájú ìtàgé á ṣí sílẹ̀ bí agbo, àwọn kan á máa sáré yí po, wọ́n á máa fi èjìká gbá ara wọn. Lójú ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́, ìjà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ṣubú, ọwọ́ mẹ́ta mẹ́rin ló máa fà á dìde kí orin tó kúrò lórí ìlà tó wà. Bí bàtà ẹnì kan bá bọ́, ẹni tó rí i á nà án sókè kí olóhun lè rí i. Ẹni tí kò fẹ́ wọ agbo á fara ti ògiri, wọn kì í fà á. Ọmọ tó bá ti tẹ̀lé egúngún nígboro rí mọ irú ìlànà yìí: èrò ń ya, èrò ń padà pọ̀, ẹni tó ń sá ń rẹ́rìn-ín.

Akọrin kì í pẹ́ kó tó na máíkì sí èrò, ẹni tó bá mọ orin náà á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Lílé àti ègbè náà ni, àfi pé ẹni tó ń gbè lè gun orí ìtàgé kó sì fò padà sórí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Kò sí ẹni tó ń náwó sí olórin lórí. Lẹ́yìn eré, olórin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń làágùn yẹn fúnra rẹ̀ ló máa dúró nídìí tábìlì, tí á máa ta àwo àti ṣẹ́ẹ̀tì tó ní orúkọ ẹgbẹ́ wọn.

Ariwo inú yàrá kékeré lè ba etí jẹ́ títí ayé. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde pé kí ariwo inú ilé eré má ṣe ju dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 100 lọ ní ìpíndọ́gba, kí ohun tí èèyàn lè fi dí etí wà nílẹ̀, kí ibi tó dákẹ́ sì wà tí etí ti lè sinmi. Ẹ má ṣe dúró ní iwájú sípíkà láìdí etí.

Ní Ìkòròdú

Kì í ṣe punk ni òde àríyá Ìkòròdú mọ̀ jù, ṣùgbọ́n àṣà kí olórin àti èrò máa mí sí ara wọn lójú ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ọmọ Ìkòròdú ni Bobby Benson (1922–1983), tó ní ilé ijó Caban Bamboo ní Èkó, lórí òpópónà tó ń jẹ́ orúkọ ìlú rẹ̀, Ikorodu Road. Ilé ijó yẹn ló padà di Hotel Bobby. Victor Olaiya àti Roy Chicago wà lára àwọn tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá kí wọ́n tó dá dúró.

Fújì fúnra rẹ̀ ti ọwọ́ ọ̀dọ́ tí kò dúró de ẹnikẹ́ni wá. Inú wéré ló ti jáde, orin tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń jí Mùsùlùmí fún sààrì nínú Ramadan, tí ẹgbẹ́ àdúgbò kan sì máa ń bá ti òmíràn díje. Síkírù Àyìndé Barrister (1948–2010) ló wà níwájú àwọn tó sọ ọ́ di orin òde. Gìtá oníná náà kò ṣàjèjì: ẹgbẹ́ BLO ti ń kọ rọ́ọ̀kì ní Èkó láti 1972, àwọn ọmọ ilé ìwé St Gregory's College tó dá Ofege sílẹ̀ sì ti gbé àwo jáde kí wọ́n tó parí ẹ̀kọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú eré yìí kalẹ̀ ní Ìkòròdú ní èrò nílẹ̀, pàápàá láti ìgbà tí Lagos State Polytechnic ti di yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 2022. Ohun tó ní láti kọ́kọ́ rò ni iná. Ẹ̀rọ sípíkà àti àmpílífáyà gìtá kò lè dúró de iná ìjọba, jẹnẹrétọ̀ sì ni dandan. Ìta gbangba ni kó wà, jìnnà sí fèrèsé, nítorí carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn. Ilẹ̀kùn àbájáde kejì gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ ní gbogbo àsìkò eré. Ó tún gbọ́dọ̀ béèrè ọjọ́ Orò lọ́wọ́ àwọn àgbà ìlú kó tó tẹ ìwé ìkéde: nígbà Orò Mágbó, obìnrin kì í jáde, eré tí ìdajì èrò kò lè wá kò sì yẹ ní gbígbé kalẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe máa délé. Ọkọ̀ ojú omi tó ń ti Ìpàkòdò lọ sí Erékùṣù Èkó kì í ṣiṣẹ́ lóru, ẹni tó bá sì lọ wo eré alẹ́ ní Èkó á gba Mile 12 padà, bí ó bá rí ọkọ̀. CBGB ti ní ọgbọ́n kan tó bá èyí mu láìmọ̀: ní àwọn ọdún 1980, ọ̀sán Sunday ni wọ́n ń fi eré hardcore sí, kí àwọn ọmọ kékeré lè wá. Bí ẹgbẹ́ mẹ́ta bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ìṣẹ́jú 30, tí wọ́n sì fi ìṣẹ́jú 20 pààrọ̀ ohun èlò láàárín, aago mẹ́rin àbọ̀ kò ní lù tí wọ́n á fi parí. Ọmọ Ìgbógbò á ti délé kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ Ìjẹ̀dẹ́ náà á ti rí ọkọ̀ wọ̀ ní Sábó.